Àpò Tí Mo Rán fún Ẹ̀rọ Ìyàwó Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Bọ́tìnnì,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn bíi pé ó ń gbọ́ wọn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá jù lọ ọmọbìnrin wa tí o kọ̀wé nípa rẹ̀? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo sì kí máṣíìnì rẹ àtijọ́ tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́, a ṣì wà lókè eèpẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń sọ nígbà tí mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. O ní dókítà ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ínsúlìn sí ọmọ lára lóṣù tó ń bọ̀, àti pé o rántí àpò tí mo rán fún ti ìyàwó mi, èyí tí mo fi yangàn sí ẹ létí lórí fóònù títí o fi ní kí n jẹ́ kí o sinmi. O ní kí n fi pátánnì rẹ̀ ránṣẹ́. Bọ́tìnnì, bí o bá ti mú àlùmọ́gàjí dání, jọ̀wọ́ gbé e sílẹ̀. Má gé nǹkan kan títí o ó fi ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀. Mo lè pè ẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi; bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, àwàdà ni n ó fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Irọ́ kan wà tí mo pa fún ẹ. Mo sọ fún ẹ pé ibà ló gbé ìyàwó mi dé ilé ìwòsàn lóṣù tó kọjá. Kì í ṣe ibà.

O mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àti pé abẹ́rẹ́ ló fi ń gbé ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé lọ́dún yìí, kì í ṣe gíga ṣúgà ló ń dẹ́rù bà wá mọ́, jíjá rẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, bó bá fẹ́ já, ara rẹ̀ á gbọ̀n, òógùn á bò ó, yóò sì tètè fi nǹkan dídùn sẹ́nu. Ní báyìí ara kì í kìlọ̀ fún un mọ́. Lọ́jọ́ kan nínú kíláàsì, ó kọ ọ̀rọ̀ kan náà sára pátákó nígbà mọ́kànlá. Àwọn ọmọ rò pé tíṣà ń bá àwọn ṣeré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí kò lè dìde. Dókítà ní lọ́jọ́ mìíràn ó lè má jí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó bọ́ sórí ẹ̀rọ.

Ẹni tó kọ́ wa ní ẹ̀rọ náà ni nọ́ọ̀sì kan tí mo sọ lórúkọ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí kò sí ohun tó ń sọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn parí. Ẹ ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ju páálí ìṣáná méjì tí a lẹ̀ pọ̀ lọ. Ìgò bíńtín kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń bu ínsúlìn sí. Rọ́bà tó tínrín bí okùn ìpẹja ló jáde lára rẹ̀ lọ sí ikùn, ẹnu rẹ̀ wọ abẹ́ awọ, wọ́n sì fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ti ínsúlìn ṣín-ń-ṣín wọlé. Bó bá fẹ́ jẹun, yóò tẹ ẹ̀rọ pé kó fi kún un. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ rọ́bà. Fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, omi oníyọ̀ lásán ni wọ́n bù sínú rẹ̀ kí ó lè mọ́ ọn lára, tó sì ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ bí ti tẹ́lẹ̀. Èmi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó mi ti di ẹran tí wọ́n ń rẹ síyọ̀.

Kí wọ́n tó bu ínsúlìn gan-an sí i, Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa ilẹ̀kùn dé, ó sì wò wá lójú. Ó ní ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ní ínsúlìn kan tó ń pẹ́ lára, èyí tó lè gbé e di ọjọ́ kejì. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kò ní. Bí ínsúlìn ẹ̀rọ náà bá dáwọ́ dúró, wákàtí díẹ̀ péré ló wà láàárín òun àti ewu. Nítorí náà bí ṣúgà bá ga, tí a tẹ ẹ̀rọ, tí a tún yẹ̀ ẹ́ wò tó ṣì ga, kí a má bá ẹ̀rọ jiyàn, kí a fi síríǹjì gún un, kí a sì pààrọ̀ rọ́bà àti ohun gbogbo.

Ó ní, "Ẹ̀rọ á sọ ohun tó ṣe fún yín. Kò lè sọ ohun tó dé ara yín."

A dáhùn pé a ti gbọ́. Ìyàwó mi kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì bí tíṣà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn, n kò ní parọ́. Ṣúgà rẹ̀ dúró déédéé. Ó ń jẹun nígbà tó bá wù ú, ó ń sùn bí ọmọdé, ó sì ń kọrin nílé ìwẹ̀, èyí tí mo ti gbàgbé pé ó máa ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: ẹ̀rọ náà kì í dúró síbi kan. Bó bá tẹ̀ba láti wo ìwé ọmọ, yóò já bọ́ ní ìbàdí rẹ̀, yóò sì máa fi rọ́bà rọ̀ dirodiro. Ọwọ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ti fa rọ́bà náà yọ lẹ́ẹ̀kan. Ni mo bá ní, èmi tí mo jẹ́ aránṣọ wà nínú ilé, ẹ̀rọ ìyàwó mi á wá máa já bọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé e dúró síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ fi pínnì há àpò mọ́ bẹ́líìtì aṣọ kan tó ń wọ̀ sábẹ́ kaba rẹ̀. Ó ní kí òun yọ ẹ̀rọ náà ná, pé Nọ́ọ̀sì ní òun lè yọ ọ́ fún ìdajì wákàtí láìséwu. Mo ní rárá. Mo ní mo fẹ́ kí àpò mọ bí rọ́bà ṣe ń sùn. O rántí ohun tí ọ̀gá wa fi kọ́ wa, pé aṣọ tí a kò bá há mọ́ ara oníbàárà, pákó ni a rán an fún. Mo sì ka pínnì bí wọ́n ṣe kọ́ wa, méjìlá jáde nínú agolo, méjìlá padà sínú agolo. Ọ̀kan kò sọnù. Mo fi ọwọ́ rán an, mo fi aṣọ onírun múlọ́múlọ́ sínú rẹ̀ kó má baà ta ara rẹ̀, mo sì fi bọ́tìnnì kékeré kan dé e lórí. Bọ́tìnnì, ó lẹ́wà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pè ẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú ṣúgà rẹ̀ ga ju igba lọ. Ó tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ti fún un. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ti gòkè sí i. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé oúnjẹ àárọ̀ ló pọ̀ jù, ó sì fi oúnjẹ ọ̀sán du ara rẹ̀. Mo ní ṣé kó fi síríǹjì gún un bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó ní ṣebí ẹ̀rọ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti fún òun, bí òun bá tún gún un, tí ṣúgà bá já lójijì ńkọ́? Jíjá yẹn ló ti ń bẹ̀rù látọdún yìí. Èmi náà sì wo ojú ẹ̀rọ, mo rí i pé òótọ́ ni, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo gbá a mọ́ra, òórùn kan ta sí mi nímú láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òórùn ilé ìwòsàn, bí ti oògùn tí wọ́n fi ń nu awọ ara. Mo fọwọ́ kan àpò náà, ó tutù díẹ̀. Mo rò pé òógùn ni. Mo tilẹ̀ fi ṣe àwàdà pé ó ti ń rùn bíi Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Omi ló ń mu ṣáá láti ìgbà náà, ife lórí ife, tó sì ń lọ sí ilé ìtọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí.

Lọ́jọ́ Ajé ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ó ní òun kò lè jókòó sílé. O mọ̀ pé láti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń rí pápá wọn. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń rìn tó ń dúró, tó ń fọwọ́ ra ògiri bí afọ́jú. Mo ń gé aṣọ lọ. Mo ti gé apá kan tán kí n tó mọ̀ pé ìyàwó mi ni. Nígbà tí mo bá a, ó ti bì sára aṣọ rẹ̀. Mímí rẹ̀ jìn, ó ń yára, bí ẹni tó sáré láti ọ̀nà jíjìn, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti rà. Ó ń sọ fún mi pé òun kò tíì gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn. Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó pákó dànù kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀, a sì tẹ́ ẹ síbẹ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí i lára. Dókítà sọ fún mi pé ká ní a dúró di ìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn la ò bá máa sọ. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Gbogbo ínsúlìn tí wọ́n ní kó tì ló tì, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ínsúlìn náà gbà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ kò ti jẹ̀bi, wọ́n wá ẹni tó jẹ̀bi, wọ́n sì rí Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kò kọ́ wa dáadáa. Wọ́n ní kó má kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọn ó fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ búra pé ẹ̀rọ tó fẹ́ pa òun, tó tún ń kọ irọ́ sílẹ̀, kò ní kan ara òun mọ́ láéláé. Ó padà sí abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí a délé, ọjọ́rú ni, ó sùn, mo sì tú ọ̀rá tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí. Mo rí bẹ́líìtì náà àti rọ́bà tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀. Inú àpò ti gbẹ, ó le gbagidi, òórùn ọjọ́ Àìkú yẹn sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Mo mú rọ́bà náà, mo fi síríǹjì fa omi, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ kan, mo sì tì í. Ẹ̀kán omi méjì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ ìwọ̀n bí mo ṣe ń há pínnì láti ogún ọdún ó lé. Kò sí aránṣọ tí kò mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Pínnì mi wọ ibẹ̀, ó jáde, mo fà á yọ, mo kà á mọ́ àwọn yòókù, mo sì yin ara mi.

Mo fi rọ́bà náà pamọ́ sínú agolo, mo sì dákẹ́.

N kò lè sọ fún ẹ pé ohun báyìí ló fà á. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ láìsọ ọ́, á tún ṣòro ju ti àná lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ṣúgà rẹ̀ já. Mo bá a nínú ilé ìdáná tó ń gbìyànjú láti fi kọ́kọ́rọ́ ilé ṣí agolo mílíìkì. Bó ṣe ń wò mí, kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo da omi ṣúgà sí i lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rọ tó lè gbà á lọ́wọ́ èyí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò ṣe é ní nǹkan kan rí. Síbẹ̀ mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ keje, Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá kí wa nílé. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó mú ìwé tí ìyàwó mi ń kọ ṣúgà rẹ̀ sí wá, ó ní òun ti kà á látòkè délẹ̀, òun kò rí ibi tí òun ti ṣì í, ṣùgbọ́n ibi kan ní láti wà. Ó kúnlẹ̀, Bọ́tìnnì, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní kí ìyàwó mi dárí ji òun. Ìyàwó mi gbé e dìde, ó ní òun ti dárí jì í, àwọn méjèèjì sì sunkún. Èmi jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Mo rán an, mo tú u, mo tún un rán.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á dé ibi tí o ti ní kí n fi pátánnì ránṣẹ́ sí ẹ kí o lè há a mọ́ ọmọ lára gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Mo rí ọmọ náà lójú ọkàn mi tó dúró síwájú dígí rẹ. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi kò lè lo ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

Ìyàwó mi ń máàkì ìwé ìdánwò lórí tábìlì. Mo gbé abọ́ omi kan, síríǹjì àti rọ́bà náà síwájú rẹ̀, mo sì ṣe é lójú rẹ̀ bí mo ṣe ṣe é lọ́jọ́ọ̀jọ́sí. Ẹ̀kán méjì yọ. Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó gba rọ́bà náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì wò ó pẹ́ títí.

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo ní láti ọjọ́ tí a ti délé.

"Ẹ ti mọ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀."

Mo ní mo ti mọ̀.

Ó gbé rọ́bà náà sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ mí," ni ó wí. Kò gbé ohùn sókè. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ńbà kan, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá n ó lè wá sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá òun. Mo lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo fi omi hàn wọ́n lórí tábìlì wọn. Wọ́n ti dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, òun náà ló sì fi ẹ̀rọ náà sí ìyàwó mi lára padà lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n dúró síta ni.

Nítorí náà, má rán àpò fún ọmọ náà. Ra èyí tí wọ́n ń tà. Bó bá di dandan kí o rán an, gba ìwọ̀n ẹ̀rọ náà lórí pépà, rán an sórí pákó, kí o má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tàbí pínnì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rọ́bà yẹn. Bí o bá gbóòórùn ilé ìwòsàn lára rẹ̀, tàbí tí aṣọ rẹ̀ tutù níbi tí kò yẹ kó tutù, má rò pé òógùn ni, ínsúlìn ló ń jò. Bí ṣúgà bá ga lẹ́ẹ̀mejì, gún un, kí o pààrọ̀ ohun gbogbo, kí ẹ tó jókòó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa kọ́ wa dáadáa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n wọn kò rí irú nǹkan báyìí rí.

Bá mi kí ìyàwó wa, bá mi kí Màmá, kí wọ́n má fi ìjà rédíò pa ara wọn. Sọ fún ọmọbìnrin wa pé ẹ̀rọ náà dára. Sọ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí òótọ́ ni. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà báyìí tí tìyàwó mi ti padà sí i lára, ṣúgà rẹ̀ dúró déédéé, ó sì ń lọ sí ibi iṣẹ́.

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, o. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, à ń jùmọ̀ rẹ́rìn-ín sí àwọn ìdáhùn òmùgọ̀ tí àwọn ọmọ kọ sínú ìdánwò. Ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe láti gba iyọ̀ ni, ọwọ́ òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo ti ń gba ọ̀nà jíjìn yí i ká nínú ilé wa.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí ọwọ́ mi tilẹ̀ ṣì í,

Téèpù.